Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé jíìmù tó fún triathlon àbí kí n bọ́ síta?

Adé Ìbarà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ṣe triathlon, èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní sprint, ìlúwẹ̀ẹ́ 750 mítà, kẹ̀kẹ́ 20 kìlómítà, eré 5 kìlómítà. Èkó ni wọ́n ti máa ṣe é. Mo ti wá sanwó jíìmù kan ní Ìbarà níbí, l'Abẹ́òkúta, treadmill tí wọ́n ń sáré lórí ẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan wà, eésì ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kò sọ́lọ́kadà tó máa fun fèrè mọ́ mi nídìí. Àfi bí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe ní mo fowó ṣòfò, ó ní ẹni tó bá fi máṣíìnì kọ́ eré, ọjọ́ ìdíje ló máa mọ̀ pé òun ò kọ́ nǹkan kan. Mo ní ṣé kí tírélà wá tẹ̀ mí pa ni? Àtìgbà yẹn ló ti ń yínmú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Kóòṣì Kútọ̀: Àbúrò, owó ẹ ò ṣòfò jàre. Ọmọ Kánádà kan wà, Lionel Sanders, inú ilé ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ àti eré tiẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì ṣe ipò kejì nínú Ironman àgbáyé ní Hawaii ní 2017, ìyẹn tí wọ́n ń wẹ 3.8 kìlómítà tí wọ́n ń gun 180 kí wọ́n tó wá sáré 42. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má fi jíìmù bú ẹ. Máṣíìnì dáa fún eré kíkankíkan, torí bó o bá ti tẹ iye tó o fẹ́ sá sí i, kò ní jẹ́ kó o ṣe màgòmágó. Ṣùgbọ́n gbé treadmill sókè díẹ̀, sí 1%, torí kò satẹ́gùn tó ń dojú kọ ẹ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ ti jàre rèé. Treadmill tó wà ní ọ̀pọ̀ jíìmù wa ò lè dorí kodò, bẹ́ẹ̀ sísáré sọ̀ kalẹ̀ ló ń fọ́ itan èèyàn. Sá a sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè kan lẹ́ẹ̀kan, wàá gbọ́ bí itan ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kẹ̀kẹ́ jíìmù náà, kò ní ṣubú, kò ní kọ́nà, o ò ní tẹ búréèkì, o ò ní fọwọ́ kan mu omi kó o máa fọwọ́ kejì darí ẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé kọ́ nínú ilé láé.

Nǹkan kan wà sha tó o lè kọ́ níbẹ̀ táwọn èèyàn ò kà sí: bó o bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí treadmill ní kíá, má jókòó, má tẹ fóònù. Ẹsẹ̀ ẹ máa wúwo bí olóyún ni. Bí ọjọ́ ìdíje ṣe máa rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Àṣẹ̀rò: Ẹ̀yin ọkùnrin ò sọ ti ooru. Ẹni tó ń fi eésì sáré tó wá lọ bóòrùn Èkó pàdé ní aago mẹ́wàá, ojú ẹ̀ á rí màbo. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kára tó mọ ooru lára, torí náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síta kó tó kù dẹ̀dẹ̀. Tàbí kó o ní kí wọ́n paná eésì, ká wo báwọn tó kù ṣe máa lé ẹ jáde 😂. Ní jíìmù tèmi NẸPÁ ti bá wọn paná ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́líìtì treadmill dúró, èmi ò dúró.

Ọmọ Odò Ògùn: Ẹ̀yin ń sọ eésì, ta ló máa kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀yán, omi pọ̀ lọ súà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nọ́ọ̀sì Àdàtán: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ o! Àtọ̀sí ajá wà nínú omi dáàmù Ọ̀yán, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a fà á lábúlé ibẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, kò dìgbà téèyàn bá mu omi yẹn, awọ ara ló ń gbà wọlé, tó bá yá èèyàn á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn ẹ̀ wà, praziquantel ni, àmọ́ kí ló dé téèyàn á fi lọ ra àìsàn? Adé, wá ilé tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ mítà 25, àlọ kan ni 25, ọgbọ̀n ni 750. Má máa di ògiri mú sinmi, kó o sì máa gbójú sókè díẹ̀díẹ̀ wo iwájú, torí òkun ò ní ìlà dúdú nísàlẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà bíi ti ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Adé Ìbarà: Há, ẹ ṣeun o Nọ́ọ̀sì, mo ti fẹ́ gbà fún un tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ títì wá ńkọ́? Ẹnu iṣẹ́ ni mo máa ń wà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé.

Ẹlẹ́ṣin Irin: Nígbà náà lo jíìmù láàárín ọ̀sẹ̀, kó o bọ́ síta ní Sunday ní ìdájí. Òkè-Mosàn, níbi ọ́fíìsì ìjọba, ni kó o lọ, títì ibẹ̀ fẹ̀, wọn ò sì lọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Má sún mọ́ ọ̀nà Èkó, tírélà ò mọ ẹni tó ń múra ìdíje. Ra iná pupa sẹ́yìn. Hẹ́ḿẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Nínú ìdíje, kó o ti de okùn ẹ̀ lágbọ̀n kó o tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ lórí igi tí wọ́n ń gbé e kọ́, tó o bá dé padà kẹ̀kẹ́ ní láti wà lórí igi kó o tó tú u. Àìmọ̀ yẹn ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìṣẹ́jú. Fi ṣeré nílé títí ọwọ́ ẹ á fi mọ̀ ọ́n.

Adé Ìbarà: Mo ti ní hẹ́ḿẹ́ẹ̀tì. Kẹ̀kẹ́ náà wà, tòkùnbọ̀ ni, àmọ́ ìjókòó ẹ̀ dà bíi pé ó rẹlẹ̀ sí ti jíìmù, orókún ń dùn mí. Báwo ni mo ṣe máa mọ bó ṣe yẹ kó ga tó?

Ẹlẹ́ṣin Irin: Jókòó sórí ẹ̀ kó o fi ọwọ́ ti ògiri. Fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì títí á fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, orókún ẹ gbọ́dọ̀ na. Tó o bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orókún á tẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fi téèpù wọn ibi tó ga dé, kó o sì gbé ti jíìmù síbẹ̀ náà.