Tófù ti ní orúkọ l'Óṣogbo: beske

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àwọn àbá yín lórí orúkọ Yorùbá fún oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè: àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a máa pe tófù, ìyẹn omi sóyà tí wọ́n mú dìpọ̀, ní "ẹ̀wà dídì", àti ti ẹni tó ní "wàràkàṣì ẹ̀wà" ló dáa jù. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan, torí pé ohun tí à ń wá orúkọ fún ti ní orúkọ. Ẹ yà sí Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí wọ́n ta tófù fún yín, wọn á kàn máa wò yín ni. Ẹ wá ní beske lẹ fẹ́, wọn á bi yín pé ti èló, ṣé kí àwọn wọ́n ata sí i.

Ẹnì kan kọ̀wé pé beske kì í ṣe tófù. Òun náà ni! Ìyá kan ládùúgbò wa ń ṣe é tà, mo sì ti jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán. Wọ́n á rẹ sóyà mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé omi rẹ̀ kaná. Bó bá ti hó, wọ́n á da omi ògì kíkan sí i, kò ní pẹ́ tí ohun funfun á máa ṣùjọ, tí omi á yà sọ́tọ̀. Wọ́n á kó o sínú aṣọ, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní Jàpáànù. Dípò omi ògì, nigari ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìyẹn omi kíkorò tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Àwa ń dín tiwa, ṣùgbọ́n dídín kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti mú "ẹ̀wà dídì" wá. Dòufu ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é: dòu ni ẹ̀wà, àmì tí wọ́n sì fi ń kọ fu náà ni wọ́n fi ń kọ jíjẹrà. Ẹ̀gbọ́n wa wá fi dídì rọ́pò jíjẹrà. Ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ omi dídì ni etí wa mọ̀. Ẹ̀wà tó sùn nínú fíríìjì ni èèyàn á rò.

"Wàràkàṣì ẹ̀wà" sàn jù ú lọ. Jóòbù 10:10 nínú Bíbélì wa sọ nípa dídìpọ̀ bíi wàràkàṣì, àwọn Fúlàní sì ń fi ewé bomubomu mú wàrà màlúù dì, iṣẹ́ kan náà sì ni. Ẹ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe orúkọ.

Wọ́n ní beske kì í ṣe Yorùbá, pé èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra bíi s àti k yẹn. Òótọ́ ni. Ẹ fi fáwẹ́lì kan sáàárín wọn, bí a ti fi sí búrẹ́dì, kó di besike. Àlùbọ́sà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, ó gba ilẹ̀ Haúsá kọjá kó tó dé ọbẹ̀ wa, ta ló ń bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀ lónìí?

Èyí tó dùn mí jù ni "omi irú" tí wọ́n fẹ́ fún omi sóyà dúdú tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se oúnjẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ irú ṣòfò. Ní ti omi yẹn, wọ́n á jẹ́ kí sóyà àti àlìkámà bu, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún oṣù púpọ̀. Irú kì í bu, kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Natto ti Jàpáànù ni kòkòrò yìí kan náà ń ṣe, sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ń yọ̀, ó ń fà, ó sì ń rùn dé ilé kejì. Ẹni tó bá mọ irú woro kò ní ṣì í mọ̀. Tí ẹ bá ń wá orúkọ fún natto, "irú sóyà" ni tèmi.

Ti supagẹ́tì, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ supagẹ́tì.