Òjò bá wa ní pápá, a ò lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́rìí ohun tí ojú yín rí níbi ìsọjí, mo kí yín o. Kò sí arọ tó dìde rìn nínú tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti kó wá sí Iléṣà láti Ìbàdàn. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Kí n tó kó wá ni ìyá mi kú. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ìjọ tí mò ń lọ nígbà náà sọ fún mi pé àìnígbàgbọ́ mi ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ọjọ́ tí a sin ín ni mo ki Bíbélì mi bọ ìsàlẹ̀ àpótí.

Ìyá onílé mi, Màmá ni gbogbo wa ń pè é, inú ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n bí i sí. Lóṣù Keje, ìjọ wọn a máa ṣe ìsọjí alẹ́ mẹ́ta ní pápá, torí oṣù yìí náà ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ooye, ní Iléṣà níbí, lọ́dún 1930. Ẹ mọ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó léwájú ìsọjí náà, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì, tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run lọ́nà Ìkèjì-Arákeji lọ́dún 1928. Màmá kì í sọ ọ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́. Ohun tí ìyá tirẹ̀ fojú rí ló máa ń sọ: bí èrò ṣe pọ̀ tí wọ́n ń sùn sójú ọ̀nà, bí ìyá náà ṣe ru akèrègbè lọ gba omi àdúrà, tó fọ́ mọ́ ọn lórí nígbà tó ń bọ̀ nílé, tó tún yíjú padà lọ tò. Á wá ní, “Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kì í fi tiwa sílẹ̀.”

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá Màmá lọ, lálẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe torí ìsìn ni mo fi bá a lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ ló wúwo. Mo ní kí n gbé e débẹ̀ kí n máa bọ̀. A ò tíì kọrin mẹ́ta tán tí òjò fi dé. Jẹnẹrétọ̀ kú, lásìpíkà dákẹ́, ilẹ̀ ṣú bíríbírí. Mo ti yíjú sílé nígbà tí ọkùnrin kan ní kí n bá òun di etí tapólì mú. Bí mo ṣe há nìyẹn. Ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ rẹ̀ fún mi láìbéèrè orúkọ mi. Ẹnì kan ki mọ́ínmọ́ín bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Orin ò dá. Àtẹ́wọ́ àti agogo kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbè é. Alágbà kan ní kí a ṣí kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, Olúwa ń pọn ún fúnra rẹ̀, gbogbo abẹ́ tapólì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí kálukú gbàdúrà. Mo bojú wo Màmá, ó ti wà nínú ẹrẹ̀. Kò kúnlẹ̀ o, ńṣe ló lóṣòó, bí àwọn baba wọn tó ń ta aṣọ láwìn, àwọn tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, ti máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè. Ó ní, “Olúwa, òṣómàáló ni wá. Gbèsè tí O jẹ ọmọ yìí, n ò ní dìde àfi tí O bá san án.”

Ọmọ yìí, èmi ni. N ò sọ̀rọ̀ ìyá mi fún un rí. Ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ mi lára ògiri lóru. Ẹkún tí mi ò rí sun níbi ìsìnkú, abẹ́ tapólì yẹn ni mo ti sun ún, tí ọmọ ọlọ́mọ ń wò mí lẹ́nu.

Ìyá mi ò padà, mi ò sì tíì mọ ìdí tó fi lọ. Ìyá ọlọ́mọ ọjọ́sí ti di oníbàárà mi, ó di ọ̀rẹ́. Bíbélì ti jáde nínú àpótí. Mo ń gbàdúrà, nígbà mìíràn tìbínútìbínú. Màmá ní ìyẹn náà dáa, ṣé ẹni tí wọ́n jẹ lówó a máa rọra kanlẹ̀kùn ni?

Oṣù Keje tó kọjá, orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́, orí àga oníke la gbé e sí. Nígbà tó kan àdúrà, ó fọwọ́ tọ́ mi.

“Bá mi lóṣòó. Èmi á máa sọ ọ́.”

Mo ká ìró mi sókè, mo lóṣòó.