Ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé ìgbẹ́ màmá mi lẹ́yìn radiotherapy. Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni?

Àdùkẹ́, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹbí wa. Nítorí màmá mi ni mo ṣe wá. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n gba ìtọ́jú fún lọ́dún tó kọjá: radiotherapy (ìtọ́jú onítànṣán) láti òde ara, àti èyí tí àwọn dókítà máa ń gba ojú ara fi sínú. Nígbà ìtọ́jú yẹn, màmá yàgbẹ́ gbuuru títí, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tó yá. Inú wa ti dùn. Àfi bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìgbẹ́ wọn láìpẹ́ yìí. Nígbà mìíràn, ikun nìkan ló máa jáde, kò ní sí ìgbẹ́ kankan. Bí ìgbẹ́ bá sì ti gbọ̀n wọ́n, wọn kì í lè mú un mọ́ra, wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn ìyá àdúgbò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ti gbé ìgò agbo wá. Ẹ̀rù tó ń ba èmi ni pé kó má jẹ́ jẹjẹrẹ ló padà dé. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Gbé agbo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Irú ìtọ́jú tí màmá gbà lèmi náà gbà, ohun kan náà ló sì ṣe mí nígbà tó tó bí ọdún kan. Wọ́n fi kámẹ́rà wo ìdí mi, wọ́n ní proctitis ni, pé ìtànṣán ló mú kí inú ìfun ìsàlẹ̀ wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Èyí tó ni mí lára jù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ìtìjú ni. Mo wá ń lo páádì, mo ń gbé aṣọ mìíràn sínú báàgì, ibi tó bá sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sì ń jókòó sí. Bá mi sọ fún màmá kí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, ẹ̀yìn ọrùn ilé ọmọ gan-an ló wà. Lára ọkùnrin, ẹ̀yìn prostate ni, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ìtànṣán tó ń lé jẹjẹrẹ ibẹ̀ ò lè ṣàì ba ìfun yẹn díẹ̀. Èyí tó bá dé nígbà ìtọ́jú, tàbí láàárín oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, awọ inú ìfun ló bó, ó sì sábà máa ń san. Ti màmá yín yàtọ̀. Èyí tó pẹ́ kó tó dé, ó lè gba oṣù mẹ́sàn-án, ó lè gba ọdún mélòó kan. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀ ló ti ń dí, tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ tó mọ́. Ara á wá hu iṣan tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lágbára. Bí ìgbẹ́ líle bá ha á báyìí, ẹ̀jẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó síbí kí n ní proctitis ni dájú. Kókó inú ìfun lè ṣẹ̀jẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí lè ṣẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ náà lè ṣẹ̀jẹ̀. Kámẹ́rà ló máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà tó máa wò wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti gba radiotherapy. Bí wọ́n bá gé ẹran níbi iwájú ìfun yẹn láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ibẹ̀ lè kọ̀ kó má jiná, ó sì lè lu jáde sí ojú ara. Agbo tó ń fọ inú á tún dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ ni, pàápàá tó bá jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Kí màmá yẹra fún ibuprofen, diclofenac àti Alabukun, torí aspirin wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n máa lo aspirin nítorí ọkàn, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó dá a dúró. Ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV wọn wò pẹ̀lú, àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lè sọ èèyàn di aláìlẹ́jẹ̀ lára.

Bàbá Sùúrù, Leeds:
Ó ní ìtọ́jú, ọmọ mi. Prostate ni tèmi. Oògùn ọgbẹ́ inú tó ń jẹ́ sucralfate ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, kì í ṣe láti gbé mì o. Wọ́n ní kí n pò ó mọ́ omi, kí n fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọ ọ́ sí ìdí, kí n sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó máa ń bo ojú egbò. Ẹ̀jẹ̀ dín kù, kò tán. Wọ́n wá gba inú kámẹ́rà fi argon, gáàsì tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, jó àwọn iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo padà lọ kó tó dáwọ́ dúró. Àwọn dókítà mìíràn máa ń fi formalin, kẹ́míkà kan, kan ojú ibẹ̀. Ti oxygen tí wọ́n ń gbà nínú yàrá onítẹ̀mọ́, tó wọ́n bí ojú, ẹ rò ó dáadáa: ìwádìí HOT2 tí wọ́n ṣe ní Britain, tó jáde lọ́dún 2016, kò rí ẹ̀rí pé ó ran irú wa lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí kan ṣáájú ti ní ó ràn.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Oúnjẹ ńkọ́? Màmá ò lè jẹun láìsí ata.

Ìyá Ìbejì:
Ara ò rí bákan náà, kí màmá máa kíyè sí ohun tó ń bá wọn jà. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe mí, ìrẹsì funfun, ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti ẹja ni mo ń jẹ. Mo máa ń sá fún àgbàdo, ẹ̀pà àti mílíìkì. Bí ìgbẹ́ bá wá le, ìbẹ́pẹ, ilá àti omi púpọ̀, torí kò yẹ kí wọ́n máa fi agbára tì í. Ata ọ̀hún, tàtàṣé ni mo fi rọ́pò rodo.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, bí ara bá gbóná, bí inú bá wú tí wọn ò lè yàgbẹ́ tàbí só, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń gba ojú ara jáde, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Àdùkẹ́:
Mo ti kà á sí wọn létí, wọ́n ní àwọn ò mu agbo mọ́. A ń lọ sí kíníìkì lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ṣé wọ́n máa gbààwẹ̀ kí wọ́n tó wo kámẹ́rà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Wọ́n á sọ fún yín níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìfun ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ wò, enema, omi oògùn tí wọ́n ń rọ sí ìdí láti kó ìgbẹ́ jáde, sábà máa ń tó. Tó bá jẹ́ argon, wọ́n lè ní kí wọ́n fọ gbogbo inú mọ́, torí gáàsì inú ìfun lè gbiná. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ sì mú ìwé radiotherapy màmá dání.