D-III ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣé ọ̀nà ṣì wà fún mi láti di pró?

Àdùkẹ́_8

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi látìgbà tí sísìn wa ti parí ní Nòfẹ́ńbà, mi ò sì rí ẹni tí màá bá sọ ọ́, torí àwọn tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbí, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni gbogbo wọn ń wá báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni mo wà lápá Midwest ní Amẹ́ríkà, Division III, ìpele kẹta nínú bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì, màá gboyè nínú akáńtì ní oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá mọ D-III á mọ̀ pé wọn kì í fún èèyàn ní sikọ́láṣíìpù nítorí bọ́ọ̀lù, ìwé tí mo mọ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi fún mi lówó, bọ́ọ̀lù yẹn, ìfẹ́ ẹ̀ ni mo gbé dání wá láti ilé.

Àárín ni mò ń gbá, nọ́ńbà 8, nígbà míì wọ́n á fi mí sí 6. Lọ́dún kejì ACL mi, iṣan inú orúnkún, já ní tíréènì kí sísìn tó bẹ̀rẹ̀, mi ò gbá géèmù kankan lọ́dún yẹn, àmọ́ ọdún mẹ́ta yòókù, kò sí géèmù tí wọn ò fi mí bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí a dé sẹmifáínà, pẹnáritì ni wọ́n fi lé wa. Èmi ni mo gbá ìkẹta wọlé, mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe dún lára nẹ́ẹ̀tì. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn jẹ́ bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí màá gbá.

Mo sọ fún kóòṣì mi pé mo fẹ́ di pró, ó ní àlá tó dáa ni, ó wá bi mí bóyá mo ti rí ibi tí màá ti ṣe ìntánṣíìpù. Kò bú mi o, àmọ́ ó dùn mí wọra.

Ṣé ẹnì kankan ti jáde láti irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tèmi rí tó sì ń fi bọ́ọ̀lù jẹun? Ọkùnrin kan náà tún kọ̀wé sí mi lórí Instagram pé ejẹ́ńtì lòun, pé tí mo bá san $1,500 òun máa mú mi lọ ibi tí àwọn kóòṣì Yúróòpù ti máa wò mí. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní, físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ni mo fi wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Gbẹ́nró

Àbúrò mi, má bẹ̀rù, fi orúkọ ẹ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní fún draft NWSL, líìgì ńlá àwọn obìnrin níbí, tí àwọn tíìmù ti ń yan ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ọlọ́run á ṣe é.

Kóòṣì_Àkàndé

Ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nró, draft ò sí mọ́ o. Oṣù Kẹjọ 2024 ni NWSL àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó máa lọ títí di 2030, àdéhùn yẹn ló pa draft rẹ́. Báyìí, ẹni tó bá jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì lè bá tíìmù tó bá wù ú sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀.

Àdùkẹ́, ó tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe igbákejì kóòṣì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì D-II, torí náà ohun tí mo fojú rí ni màá sọ. Ọ̀nà wà. Uchenna Kanu tẹ́ ẹ mọ̀ nínú Super Falcons, Southeastern University ní Florida ló ti gbá bọ́ọ̀lù, NAIA nìyẹn, ẹgbẹ́ kékeré tó ń ṣètò eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í tiẹ̀ ṣe NCAA ńlá tí D-I dé D-III wà lábẹ́ ẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ló ti lọ Sevilla, ó kọjá sí Linköping ní Sweden, ó lọ Tigres ní Mexico, kó tó wá wọ NWSL ní Racing Louisville ní 2023. Wo ọ̀nà yẹn dáadáa: kò ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ́ sí NWSL tààrà, ó yí ayé ká kó tó padà wá. Góòlù ló fi ń sọ̀rọ̀ fún ara ẹ̀, ìwọ tó o jẹ́ 8 ò ní irú ẹ̀rí yẹn, ìdí nìyẹn tí fídíò ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ti sitiráíkà lọ.

NWSL fúnra ẹ̀ ti le gan-an. Owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún agbábọ́ọ̀lù lọ́dún jẹ́ $48,500 ní 2025, á sì máa gòkè títí á fi dé $82,500 ní 2030, kò sí orílẹ̀-èdè tí wọn ò ti ń wá báyìí. Ẹni tí kò sọnù lójú wọn ni wọ́n máa ń pè wá síbi ìgbáradì oṣù Kìíní láìtíì fún un ní kọ́ńtíráàtì, ẹ̀yin D-III kì í sábà sí nínú wọn, kì í sì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n gbá, wọn ò rí yín ni. USL Super League, líìgì pró obìnrin míì, náà wà, Ògọ́ọ̀sì 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, tíìmù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣí i, wọn ò ní draft látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà ìwọ́wé títí di oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń gbá tiwọn.

Àmọ́ ibi tí màá kọ́kọ́ rán ẹ lọ ni USL W League tàbí WPSL. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí ni wọ́n ń gbá a, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, ìwọ ọmọ D-III á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ D-I nínú tíìmù kan náà, ẹni tó bá wá wò wọ́n á wo ìwọ náà. Má dúró dìgbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìsinsìnyí ni àwọn kóòṣì wọn ń ka orúkọ.

Fídíò ńkọ́? Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin kan fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú-àáyá ogójì àkọ́kọ́, orúkọ ẹ̀ ló ń fò kiri pẹ̀lú orin, mi ò tíì rí bọ́ọ̀lù kankan. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti yà á, òpó iná kan wà níwájú kámẹ́rà, gbogbo ìgbà tó bá gba ọwọ́ òsì lọ, á wọ ẹ̀yìn òpó. Ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù o, mo mọ̀ ọ́n torí mo ti bá tíìmù wọn gbá rí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ti pa á tì. Tìẹ, má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n yà á láti òkè, fi àmì sí ara ẹ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Nọ́ńbà 8, ohun tí mo máa ń wò ni bóyá o ń bojú wẹ̀yìn kó o tó gba bọ́ọ̀lù, ibi tí ẹsẹ̀ tó o kọ́kọ́ fi kan bọ́ọ̀lù ń gbé e lọ, àti ohun tó o ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ. Wá fi géèmù odindi méjì tì í, èyí tẹ́ ẹ bá àwọn tó le jù gbá, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi 7 sí 0 na ẹni ẹlẹ́ni.

Olùṣọ́_Ilé

Àdùkẹ́, $1,500 yẹn, má san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀! Láti oṣù Kẹwàá 2023, ẹni tí FIFA bá fún ní láísẹ́ńsì nìkan ló lè pe ara ẹ̀ ní ejẹ́ńtì, orúkọ wọn wà lórí wẹ́bùsáìtì FIFA, tẹ orúkọ ọkùnrin yẹn síbẹ̀ kó o wò ó. Ejẹ́ńtì tòótọ́, lára owó tí kọ́ńtíráàtì bá mú wá ló ti ń jẹun, kì í gba tọwọ́ ẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan san irú owó yẹn, wọ́n kó wọn lọ sí pápá kan, ọmọ mẹ́rìnlélógójì, ọ̀sán méjì, ẹnikẹ́ni ò pè é padà.

Gólkípà ni mí, NAIA ni mo ti gbá tèmi. Lẹ́yìn tí mo gboyè mo kó orúkọ tíìmù obìnrin ní Iceland, Finland àti Sweden jọ, líìgì kejì àti ìkẹta ni mo dojú kọ, mo kọ ímeèlì sí kóòṣì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ àti orúkọ tíìmù ẹ̀, mi ò da ímeèlì kan ṣoṣo sí gbogbo wọn. Mo rán mọ́kàndínláàádọ́rin. Mẹ́fà fèsì. Ọ̀kan, líìgì kejì ní Iceland, ní kí n wá.

Ẹ wò ó, àsìkò wọn ló gbà mí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń parí ní Nòfẹ́ńbà, àwọn yẹn sì ń bẹ̀rẹ̀ sísìn wọn ní bí oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, torí náà láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń wá èèyàn. Tó o bá lọ kọ sí Jámánì ní oṣù Kìíní, àárín sísìn wọn lo bá wọn. England ní tiwọn, wọ́n ní ètò póìǹtì kan tí ọmọ òkèèrè gbọ́dọ̀ bá mu kí wọ́n tó fún un níwèé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde D-III kò lè bá a mu, má fi àkókò ẹ ṣòfò síbẹ̀.

Oṣù Kejì ni mo dé. Inú ilé ńlá kan la ti ń gbá bọ́ọ̀lù torí yìnyín bo gbogbo ìta, bọ́ọ̀lù á gbá òrùlé, á já bọ́ síwájú mi. Wọ́n fi àwa mẹ́ta sínú ilé kan, wọ́n fún wa ní mọ́tò kan tá a jọ ń wà, owó oṣù ò tó nǹkan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ ní gólkípà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ kí n lè rí owó kún un. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, à ń gbá géèmù alẹ́, oòrùn ò tíì wọ̀. Sísìn méjì ni mo lò níbẹ̀ kí n tó ta sókè sí líìgì àkọ́kọ́ ní Finland. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ká gúnyán nínú ewé, ká se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀.

Ìyá_Táyélolú

Àdùkẹ́ ọmọ mi, bọ́ọ̀lù ò yé mi, àmọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí mo ti máa ń rí ọmọ tó ń sunkún ni mo fẹ́ sọ. OPT, ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n máa fún ẹ lẹ́yìn tó o bá gboyè, oṣù méjìlá ni, iṣẹ́ tó bá ohun tó o kà mu nìkan lo lè fi ṣe. Akáńtì lo kà. Kí tíìmù kan níbí máa san owó fún ẹ pé o ń gbá bọ́ọ̀lù, OPT akáńtì ò bò ó mọ́lẹ̀ rárá. Tíìmù tó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́ fún owó, àwọn ló máa kọ̀wé fún físà àwọn eléré ìdárayá fún ẹ, P-1 ni wọ́n ń pè é. OPT yìí náà, láti àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tó o máa parí ni wọ́n ti lè gbà á lọ́wọ́ ẹ, ó sì ń pa dé lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́. Tí wọ́n bá ti fún ẹ, o ò gbọ́dọ̀ jókòó láìníṣẹ́ ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. Líìgì ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sówó ńbẹ̀ yàtọ̀, síbẹ̀ bi DSO yín, ẹni tó ń rí sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, léèrè kó o tó wọlé.

Tó o bá fẹ́ lọ ṣe tíráyà ní Yúróòpù, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lè kàn wọ ọkọ̀ òfurufú, ìwọ á gba físà Schengen, á sì gba lẹ́tà láti ọwọ́ tíìmù tó pè ẹ́. Kó o tó kúrò, wo ojú físà F-1 inú ìwé ìrìnnà ẹ, tó bá ti kú, o lè jáde kó o má lè wọlé padà wá gboyè. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, wò ó lónìí.

Àdùkẹ́_8

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an, Mummy Táyélolú, ẹ ṣé mà. Mo ti wá ọkùnrin yẹn lórí wẹ́bùsáìtì FIFA, kò sí orúkọ ẹ̀, mo ti dí i pa lórí Instagram. Físà mi ti kú láti oṣù Kẹjọ, mi ò mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan torí I-20 mi, ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi gbà mí wọlé, ṣì dáa. Torí náà mi ò lè jáde kí n tó gboyè nìyẹn.

Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mò ń ka tiyín. Ọdún tí ACL mi já yẹn, ṣé wọ́n ṣì lè kà á fún mi?

Kóòṣì_Àkàndé

Tó bá jẹ́ pé o ò fẹsẹ̀ kan pápá nínú géèmù kankan lọ́dún yẹn bó o ṣe wí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ṣì ní sísìn kan nílẹ̀. Ìyẹn yí gbogbo ohun tí mo sọ padà, ká ní mo kà á dáadáa lẹ́ẹ̀kínní ni mi ò bá ti bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. O lè wọ portal, ibi tí agbábọ́ọ̀lù ti ń forúkọ sílẹ̀ láti yí kọ́lẹ́ẹ̀jì padà, kó o lọ gba másítà ní D-II tàbí D-I tí wọ́n á ti fún ẹ ní sikọ́láṣíìpù, wọ́n á fún ẹ ní I-20 tuntun, ọ̀rọ̀ físà á sinmi, fídíò ẹ á sì ní géèmù tí àwọn èèyàn ń wò. D-I, ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń kà látọjọ́ tó o kọ́kọ́ wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tó ń bọ̀ yìí ló máa jẹ́ ìkarùn-ún fún ẹ, kò sí àyè láti sinmi ọdún kan. Mọ̀ pé àyè ti dín kù lọ́hùn-ún, láti 2025 agbábọ́ọ̀lù 28 ni ọ̀pọ̀ D-I lè kó jọ fún bọ́ọ̀lù obìnrin. D-II ni màá kọ́kọ́ kàn sí ká ní èmi ni ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, má fọwọ́ sí ìwé ejẹ́ńtì kankan, má gba owó lọ́wọ́ tíìmù kankan, ì báà jẹ́ owó mọ́tò, torí wọ́n lè fi ìyẹn gba sísìn yẹn lọ́wọ́ ẹ. Lọ bá ẹni tó ń rí sí kọ́mpíláyáǹsì, ìyẹn pípa òfin NCAA mọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín kó fi ìwé sí i.

Àdùkẹ́_8

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni màá lọ bá a. Ìwé ọsibítù tí wọ́n fi ṣe orúnkún mi wà lọ́wọ́ mi, mo ti yọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Kóòṣì, ṣé mo lè fi fídíò mi ránṣẹ́ sí yín kí n tó fi ránṣẹ́ síta? Géèmù sẹmifáínà yẹn wà níbẹ̀, òkè ni wọ́n ti yà á.

Kóòṣì_Àkàndé

Fi ránṣẹ́. Géèmù yẹn ni kó o fi síwájú, odindi, títí dé pẹnáritì.