Bí a ṣe lè gba Màmá sílé láìni wọ́n lára
Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́, mo kí yín. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá lo òru mẹ́rin lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Àrò, ní Àkúrẹ́, yàrá méjì àti pálọ̀ péré ni a sì ní. Mo fẹ́ fi yàrá tiwa sílẹ̀ fún wọn, kí èmi àti ọkọ mi sun orí fóòmù ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi sọ pé Màmá kò ní gbà.

Ilé ìwẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú: orúnkún ń dùn wọ́n, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń yọ̀. Mo ń rò ó pé kí n ra àga tí wọn yóò máa jókòó lé wẹ̀, kí n máa pọn omi kànga sínú ike síbẹ̀ láti alẹ́, kí n sì gbé iná oníbátìrì sí ojú ọ̀nà, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná wa kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣé ó tó, àbí ohun kan wà tí mo gbàgbé? Ti oúnjẹ kò ṣòro, iyán kì í wọ́n nílé wa.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yàrá náà tí kò fi ní dà bí àṣẹ?