Iná mọ́tò mi ń kú, ó tún ń jí
Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí lórí mọ́tò yìí o. Tí n bá ti kó sí kòtò lọ́nà Mọ́níyà báyìí, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á kú pii, kí n tó páàkì ó ti tàn padà. Rẹ́wáyà àdúgbò wa ní Mọ́lété ti gbowó lẹ́ẹ̀mejì, tí mo bá sì gbé e débẹ̀ iná ọ̀hún ò ní kú rárá, àfi bíi pé mọ́tò àti rẹ́wáyà jọ mulẹ̀. Mo fi mítà wọn bátìrì nílé, 12.6 volts, tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ ó lé ní 14, ìyẹn ni pé bátìrì ń gbaná dáadáa, fíùsì náà ò jó. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo mi wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì) tó so mọ́ bọ́dì, iná ṣẹ́jú, ẹnu ẹ̀ ti dípẹtà. Ṣé kí n fi sáńpépà ha á ni àbí kí n kúkú pààrọ̀ wáyà ọ̀hún?