Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtẹ̀léra nọ́ńbà wo ni mo lè gbé fún àwọn ọmọ JSS 2?

Tíṣà Tákìé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó nìkan la ní. Mo fẹ́ ìtẹ̀léra tó dá lórí àwọn ẹyọ inú nọ́ńbà àti pínpín láìṣẹ́kù, èyí tí wọ́n á lè fọwọ́ ara wọn ṣe.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Harshad ni kí ẹ gbé fún wọn. Ẹ ro àwọn ẹyọ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi iye yẹn pín nọ́ńbà náà; bí kò bá ṣẹ́kù, ó wọlé. 1 àti 8 jẹ́ 9, ẹ fi pín 18, kò ṣẹ́kù. 19 ò wọlé. Lẹ́yìn 10, ó kan 12, 18, 20, 21, 24, 27, 30, 36. Kaprekar ará Íńdíà ló sọ ọ́ lórúkọ. "Afúnniláyọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé bíi tiyín lòun náà.

Àkànbí Ọ̀yọ́: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Àmọ́ ẹ rántí pé ogún-ogún làwọn baba wa fi ń kà. 21 wọlé, torí 2 àti 1 jẹ́ 3. Ẹ wá pè é bí a ti ń pè é: oókànlélógún, ogún kan lé ẹyọ kan. Àpapọ̀ di 2, 2 ò sì lè pín 21 kó má ṣẹ́kù. Ẹ wo 38 náà: 3 àti 8 jẹ́ 11, kò wọlé. Ṣùgbọ́n ogún kan àti 18 ni (éjìdínlógójì là ń pè é, mo mọ̀), àpapọ̀ jẹ́ 19, ó wọlé! Ó wù mí kí gbogbo ọmọ Yorùbá rí èyí.

Ajílété: Ẹ fún wọn ní 3816547290. Ẹyọ 0 dé 9 pé síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. 2 pín 38, 3 pín 381, 4 pín 3816, títí dé 10. Òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn á wúwo fún wọn, ẹ̀gbọ́n, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i pé 0 ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, kí 5 sì wà ní ipò karùn-ún.

Tíṣà Tákìé: Mo ti gbé Harshad fún wọn lánàá, inú mi dùn gan-an. Ọmọbìnrin kan rí 110, 111, 112, ó wá bi mí bóyá mẹ́rin lè tẹ̀léra lẹ́yìn 10. Mi ò rí èsì fún un.

Àkànbí Ọ̀yọ́: Ó wà. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 510.